Súìṣì inú RNA: ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ synthetic biology

Káfíìnì wà nínú obì tí à ń pa jẹ. Oògùn kan sì wà tó ń jẹ́ theophylline, tí wọ́n máa ń fún àwọn tó ní asthma kí ọ̀nà èémí wọn lè ṣí. Bí ẹ bá ya àwòrán àwọn méjèèjì sórí ìwé, bí ìbejì ni wọ́n rí. Ohun tó yà wọ́n kò ju pé káfíìnì ní methyl kan lé ní ipò 7, ìyẹn kábọ̀nù 1 pẹ̀lú háídrójìn 3. Ní 1994, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣa RNA kékeré kan (RNA ni ìbátan DNA tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé àṣẹ jíìnì kiri) jáde tó mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa: ó ń di theophylline mú ní ìlọ́po tó lé ní 10,000 ju bó ṣe ń di káfíìnì mú lọ. Lẹ́tà 38 ni oríṣi rẹ̀ tí wọ́n ń lò nínú bakitéríà:

GGTGATACCAGCATCGTCTTGATGCCCTTGGCAGCACC

Bí a ṣe ń kọ DNA ni mo ṣe kọ ọ́. Tó bá di RNA, gbogbo T á di U.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, tí ọkàn rẹ̀ fà sí synthetic biology, ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni ká to ẹ̀yà jíìnì pọ̀ kí ohun abẹ̀mí lè ṣe ohun tí a yàn fún un. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fẹ́ fi bakitéríà tó máa fọ odò mọ́ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ẹ mú súìṣì kan, ìyẹn RNA tó ń tan jíìnì tàbí tó ń pa á, tí àwọn ẹlòmíì ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ wọ̀n ọ́n títí ẹ fi mọ ìwà rẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ kan lẹ́tà kankan nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ yí i padà kó tó wọ̀n ọ́n kò ní mọ̀ bóyá àyípadà náà ló bà á jẹ́ tàbí pípẹ́ẹ̀tì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ní 2002, ilé ìwádìí Ronald Breaker ní Yale àti ti Evgeny Nudler ní New York fi hàn pé RNA fúnra rẹ̀ lè di fítámì mú, láìsí pròtéìnì kankan níbẹ̀, kó sì fìyẹn pa jíìnì tó ń ṣe fítámì náà tàbí èyí tó ń kó o wọlé. Fítámì B12, B1 àti B2, ní ìrísí tí sẹ́ẹ̀lì ń lò wọ́n, ló kọ́kọ́ jáde. Riboswitch ni wọ́n sọ irú RNA bẹ́ẹ̀.

Apá méjì ló ní. Aptamer ni ọwọ́ tó ń di nǹkan mú, expression platform sì ni ibi tí ìdìmú yẹn ti ń di àṣẹ. Àṣẹ náà lè jẹ́ pé kí ẹ̀rọ tó ń kọ RNA dúró lójú ọ̀nà, tàbí kí RNA gé ara rẹ̀ bíi ti riboswitch glmS, tàbí kí ẹnu ọ̀nà ribosome, ẹ̀rọ tó ń ka RNA láti ṣe pròtéìnì, di bíbò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dára jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ẹ lè fojú rí ìdí rẹ̀ nínú lẹ́tà lásán. Shine-Dalgarno ni wọ́n ń pe ẹnu ọ̀nà náà: AGGAGG tàbí ohun tó jọ ọ́, ní lẹ́tà bíi 5 sí 9 ṣáájú AUG, lẹ́tà mẹ́ta tí jíìnì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú súìṣì theophylline tí ilé ìwádìí Justin Gallivan ní Emory bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 2004, bí theophylline ò bá sí, apá ìparí aptamer á lọ so pọ̀ mọ́ agbègbè Shine-Dalgarno, ribosome ò sì ní rí ibi jókòó. Bí theophylline bá dé, aptamer á ká jọ yí i ká, á sì jọ̀wọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ má fi riboswitch wá mákúrì

Ilẹ̀ Iléṣà àti Itagunmodi ní wúrà, àwọn awakùsà kéékèèké sì máa ń fi mákúrì kó wúrà jọ ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Ìyẹn ló ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò wa máa ronú bakitéríà tó lè sọ fún wa pé mákúrì wà nínú omi. Èrò tó dára ni, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Pròtéìnì tó ń jẹ́ MerR ni bakitéríà fi ń mọ mákúrì. ArsR ló fi ń mọ arsenic. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Edinburgh ṣe bakitéríà tó ń mọ arsenic fún iGEM, ìdíje synthetic biology àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní 2006, orí ArsR ni wọ́n gbé e kà. Ẹ tọ ọ̀nà pròtéìnì bó bá jẹ́ mákúrì lẹ́ ń wá.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ riboswitch fún omi mímu dandan, ẹ wo fluoride. Riboswitch rẹ̀ wà látọwọ́ ẹ̀dá, 2012 ni wọ́n fi hàn pé ó ń di fluoride mú. Òdiwọ̀n tí WHO fi lélẹ̀ fún omi mímu jẹ́ míligíráàmù 1.5 nínú lítà 1, èyí tó súnmọ́ 79 µM (móòlù nínú lítà 1 ni M; mM ni ìdá ẹgbẹ̀rún rẹ̀, µM sì ni ìdá mílíọ̀nù). Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé E. coli, bakitéríà tí a ń lò jù nínú ilé ìwádìí, ní ọ̀nà tó fi ń tú fluoride jáde lára. Nítorí náà, inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ crcB, jíìnì ọ̀nà yẹn, kúrò ni wọ́n ti ń lò ó, tàbí nínú omi ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbẹ sínú túùbù, tí kò ní odi tó máa dí fluoride lọ́nà. Ọdún kejì ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ fún ẹgbẹ́ yín.

Iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà

Apá yìí kò gba owó, kò sì gba iná púpọ̀. Ẹ gba ViennaRNA, àkójọ ètò tó ń ṣírò bí RNA ṣe ń ká jọ, sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fún RNAfold tó wà nínú rẹ̀ ní lẹ́tà láti ibi tí RNA ti bẹ̀rẹ̀ títí dé nǹkan bí lẹ́tà 50 nínú jíìnì tó tẹ̀ lé súìṣì náà. Bí ẹ bá fún un ní aptamer nìkan, èsì dídára lẹ máa rí tí kò ní wúlò, nítorí inú jíìnì gan-an ni lẹ́tà tó máa ń ba nǹkan jẹ́ máa ń wà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é lásán, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe é bíi pé theophylline wà níbẹ̀:

RNAfold -p --motif="GAUACCAG&CCCUUGGCAGC,(...((((&)...)))...),-9.22"

Ẹ wo Shine-Dalgarno nínú èsì méjèèjì. Ó yẹ kó bò nínú ti àkọ́kọ́, kó sì ṣí nínú ìkejì.

Nọ́ńbà -9.22 yẹn ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Kilokálórì fún móòlù kan ni, òun ni agbára tí theophylline fi ń di aptamer mú bí theophylline bá jẹ́ 1 M. Kò sí ẹni tó máa fi 1 M bọ́ bakitéríà. Pẹ̀lú Kd (ìwọ̀n theophylline tó ń mú kí ìdajì aptamer ní i lọ́wọ́) tó jẹ́ 0.32 µM, 2 mM theophylline ní ìwọ̀n 37°C kò fún yín ju nǹkan bí 5.4 lọ. Theophylline ò sì rọrùn láti wọ inú E. coli: bó bá jẹ́ 2 µM péré ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì, agbára náà lọ sílẹ̀ sí 1.2. Nítorí náà, bí ìrísí tó bo ẹnu ọ̀nà bá fi kilokálórì 8 lágbára ju ìrísí tó ṣí i lọ, RNAfold á ṣì sọ fún yín pé ó ṣí, ṣùgbọ́n títì pa ni yóò wà nínú túùbù. Ẹ wá èyí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré, nǹkan bí 1 sí 4. Bó bá wá kéré jù, á máa jò.

Ẹ̀yà tí ẹ máa nílò

Promoter kan (ibi tí kíkọ RNA ti ń bẹ̀rẹ̀), riboswitch, jíìnì tí a lè rí iṣẹ́ rẹ̀, àti terminator (ibi tí kíkọ náà ti ń dúró). Nínú àpò ẹ̀yà iGEM, BBa_J23100 ni promoter tó lágbára, BBa_J23114 sì wà fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ èyí tó rọra. BBa_B0015 ni terminator. Fún jíìnì, GFP, tó ń tàn bí àwọ̀ ewé, ló gbajúmọ̀, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wọ́n, LB (omi oúnjẹ bakitéríà) fúnra rẹ̀ sì máa ń tàn díẹ̀. amilCP, BBa_K592009, máa ń yọ àwọ̀ búlúù tí ojú lásán rí. Ó dùn-ún fi han àlejò, kò dára fún ìwọ̀n. lacZ ni mo fara mọ́: pròtéìnì rẹ̀ ń sọ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ONPG di yẹ́lò, torí náà spectrophotometer lásán (ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀) tó lè ka 420 nm ti tó.

Ìkìlọ̀ méjì nípa lacZ. Ó gùn, nǹkan bí lẹ́tà 3,075, nítorí náà ẹ má sanwó kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́tà lẹ́tà; ẹ fi PCR, ọ̀nà tí a fi ń ṣe ẹ̀dà DNA, yọ ọ́ lára E. coli MG1655 tàbí kí ẹ wá plasmid (DNA roboto tó ń gbé jíìnì) tó ti ní i. Èkejì, EcoRI, ensáìmù tó ń gé DNA, máa ń gé e nínú, lápá ìparí. Ẹni tó bá fi EcoRI tò ó, bí BioBrick, ìlànà àtijọ́ iGEM fún títo ẹ̀yà, ṣe ń ṣe, á máa rí ègé tí kò retí lórí gel. Inú DH5α, oríṣi E. coli kan, ni kí ẹ fi plasmid náà sí, torí pé kò ní lacZ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀.

Iná, yìnyín àti bakitéríà

Sẹ́ẹ̀lì tó ti múra láti gba DNA máa ń bàjẹ́ bí fìríìsà -80 bá yọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò gbà pé ó yẹ kí ẹ kó iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lé orí fìríìsà níbi tí iná kò ti dúró. Ẹ ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ lò ó.

CaCl₂ 0.1 M ni ẹ máa lò: gíráàmù 1.47 ti CaCl₂·2H₂O nínú omi 100 ml, kí ẹ sè é nínú autoclave, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù bíi yìnyín. Ẹ gbin DH5α sínú LB 50 ml títí OD600 (òdiwọ̀n bí sẹ́ẹ̀lì ṣe pọ̀ tó nínú omi náà) á fi dé 0.35 sí 0.4. Ẹ má jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó kì í gba DNA dáadáa. Ẹ gbé e sórí yìnyín fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ yí i nínú centrifuge tútù, kí ẹ rọra tú u sínú CaCl₂ 10 ml, kó tún wà lórí yìnyín fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ tú u sínú 2 ml. Ẹ mú 100 µl, kí ẹ fi DNA tí kò ju nánógíráàmù 50 lọ sí i: ìṣẹ́jú 30 lórí yìnyín, ìṣẹ́jú àáyá 45 nínú omi 42°C, ìṣẹ́jú 2 lórí yìnyín, lẹ́yìn náà LB 900 µl àti wákàtí 1 ní 37°C. Yìnyín tí wọ́n ń tà lọ́jà tó, bí ẹ bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ tí ẹ sì da omi díẹ̀ sí i kó lè fara kan túùbù káàkiri. Òkúta yìnyín ńlá kì í mú túùbù tutù dọ́gba.

Bí ẹ ò bá ní centrifuge tútù, ẹ lo TSS: LB tó ní PEG 10%, DMSO 5%, Mg²⁺ 20 sí 50 mM, pH 6.5. Kò nílò omi gbígbóná rárá. Kì í mú èso púpọ̀ jáde, ṣùgbọ́n plasmid kan péré lẹ̀ ń wá.

Ẹ jẹ́ kí plasmid yín ní ààbò sí oògùn apabakitéríà bíi kanamycin (50 µg/ml) tàbí chloramphenicol (25 µg/ml) ju ampicillin lọ. Ampicillin máa ń tètè kú nínú àwo tí fíríìjì ti gbóná. Bí ẹ bá sì fi àwo sílẹ̀ kọjá wákàtí 18, bakitéríà wẹ́wẹ́ tí kò ní plasmid á yí ti gidi ká, ẹ ó sì fọwọ́ ara yín ṣa èyí tí kò tọ́. Ẹ da oògùn náà sínú agar nígbà tí agar bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí 50°C, tí ọwọ́ lè gba ìgò náà mọ́ra.

Ìwọ̀n, níbi tí iṣẹ́ gan-an wà

Ẹ má da theophylline sínú omi kí ẹ máa fi pípẹ́ẹ̀tì bù ú sínú LB, torí kì í yòrò púpọ̀ nínú omi. Èyí tí ẹ máa dà á máa pọ̀ débi pé á fi omi bu LB yín. Ẹ wọn míligíráàmù 36 sínú LB 100 ml, kí ẹ gbé e gbóná díẹ̀ kó yòrò tán: 2 mM nìyẹn. Ẹ wá máa fi LB lásán pò ó láti rí 1, 0.5, 0.25 àti 0.1 mM, kí LB lásán jẹ́ 0. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún káfíìnì: míligíráàmù 39 nínú 100 ml. Lulú tó mọ́ ni kí ẹ rà. Hóró oògùn ní àwọn èròjà mìíràn nínú tí ẹ ò wọ̀n.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Yàtọ̀ sí riboswitch, ẹ gbọ́dọ̀ ní lacZ tó ní Shine-Dalgarno tó ṣí sílẹ̀, tí kò ní aptamer, àti DH5α tí ẹ ò fi plasmid lacZ sí lára. Àkọ́kọ́ yìí ló máa sọ fún yín bóyá theophylline fúnra rẹ̀ ń dá sẹ́ẹ̀lì lágara. Bó bá lọ sílẹ̀ ní 2 mM, a jẹ́ pé apá kan àyípadà tí ẹ rí nínú riboswitch kì í ṣe iṣẹ́ súìṣì. Ẹ lo colony (òkìtì bakitéríà tó ti ara sẹ́ẹ̀lì kan wá) 3 tó yàtọ̀ síra fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Colony 1 tí ẹ wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta kò ju colony 1 lọ.

Ẹ bù nínú èyí tó sùn mọ́jú ní 1 sí 100 sínú LB kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa mì ín ní 37°C títí OD600 á fi wà láàárín 0.3 sí 0.6, kí ẹ gbé gbogbo wọn sórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá lọ lójú ọ̀nà, ẹ wo OD. Bí gbogbo wọn bá ti kọjá 0.3, ẹ gbé wọn sórí yìnyín kí ẹ sì wọ̀n wọ́n. Bí kò bá tíì dé ibẹ̀, ẹ dà á nù kí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó dúró láìmì fún wákàtí kan ti yí ìwà padà, nọ́ńbà rẹ̀ ò ní bá ti ọjọ́ mìíràn mu.

Z buffer, lítà 1: Na₂HPO₄·7H₂O gíráàmù 16.1, NaH₂PO₄·H₂O 5.5, KCl 0.75, MgSO₄·7H₂O 0.246, pH 7.0. Ẹ má fi sínú autoclave. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi β-mercaptoethanol 0.27 ml sínú 100 ml, lábẹ́ fume hood. Òórùn rẹ̀ burú, májèlé sì ni. Ẹ pò 0.1 ml sẹ́ẹ̀lì mọ́ 0.9 ml buffer, kí ẹ fi chloroform ẹ̀kán 2 àti SDS 0.1% ẹ̀kán 1 sí i kí sẹ́ẹ̀lì lè ṣí, kí ẹ mì ín dáadáa. Ẹ jẹ́ kó wà nínú omi 28°C. Ilé ìwádìí wa lè gbóná ju 28 lọ lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ kó yìnyín díẹ̀ sínú omi náà, kí thermometer má kúrò níbẹ̀. Ẹ fi ONPG 0.2 ml (4 mg/ml) sí i, kí ẹ tẹ aago. Bó bá ti pọ́n bí ìyeyè, ẹ fi Na₂CO₃ 1 M 0.5 ml dá a dúró, kí ẹ kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀, kí ẹ ka 420 àti 550 nm. Ẹ má jẹ́ kí A420 kọjá 0.9.

Ìṣirò rẹ̀: 1000 × (A420 − 1.75 × A550) ÷ (ìṣẹ́jú × ml sẹ́ẹ̀lì × A600). OD600 ni A600.

Ká ní ti 2 mM fún yín ní A420 0.450 àti A550 0.010 nínú ìṣẹ́jú 15, tí A600 jẹ́ 0.40: 721 nìyẹn. Ká ní ti 0 gba ìṣẹ́jú 90 kó tó dé A420 0.200, tí A550 rẹ̀ sì jẹ́ 0.010 bákan náà: nǹkan bí 51. Súìṣì yẹn ń ṣí ní ìlọ́po 14. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kì í ṣe ìlọ́po nìkan. Ìlọ́po 14 láti 51 sí 721 kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlọ́po 14 láti 2 sí 28, tó lè jẹ́ ariwo ẹ̀rọ lásán.

Bí gbogbo túùbù bá pọ́n, tó fi dé 0, súìṣì náà ń jò. Ẹ fi J23114 rọ́pò J23100 tàbí kí ẹ lọ sí plasmid tí kì í pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, kí ẹ sì wò ó bóyá AGGAGG mìíràn ò sá pamọ́ síbì kan níwájú AUG. Bí ìkankan ò bá pọ́n, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá ẹ kán chloroform, kí ẹ tó dá riboswitch lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi plasmid ránṣẹ́ fún sequencing, kí wọ́n lè ka lẹ́tà rẹ̀. Lẹ́tà kan tó sọnù nínú lacZ ti tó láti pa gbogbo rẹ̀. Bí káfíìnì náà bá ṣí i, ẹ fọ ṣíbí ìwọ̀n. Bó bá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú lacZ tó sì kú pẹ̀lú amilCP, ẹ má bẹ̀rù: ó lè jẹ́ pé lẹ́tà àkọ́kọ́ inú amilCP ló ń so mọ́ súìṣì. Ẹ padà sí RNAfold pẹ̀lú lẹ́tà 50 tuntun yẹn.

Ẹgbẹ́, òfin àti ìdọ̀tí

Èèyàn 6 sí 8 tó, bí wọn ò bá ti ẹ̀ka kan ṣoṣo wá: Biochemistry àti Microbiology fún túùbù, Pharmacy tàbí Chemistry fún buffer, ẹnìkan tó mọ kọ̀ǹpútà lò. iGEM, tó bẹ̀rẹ̀ bí kíláàsì oṣù kìn-ín-ní ní MIT ní 2003, tí wọ́n sì ti ń ṣe àpéjọ rẹ̀ ní Paris láti 2022, dára, ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀ àti ìrìnnà pọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò tíì ní ìlà ìwọ̀n kan lọ́wọ́ kò ní nǹkan tó máa gbé lọ síbẹ̀.

E. coli tí ẹ ti fi plasmid sí lára wà lábẹ́ òfin National Biosafety Management Agency ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2019 kó lè mẹ́nu kan synthetic biology. Ẹ lọ bá ìgbìmọ̀ ààbò ilé ẹ̀kọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé ìwádìí. Ẹ sè gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀ nínú autoclave ní 121°C fún ìṣẹ́jú 30, tàbí kí ẹ da bleach ìdá 1 sí omi bakitéríà ìdá 9, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ má fi ohun tó ti ní bleach sínú autoclave láé, gáàsì chlorine ló máa tú jáde. Èyí tó ní chloroform àti mercaptoethanol kì í ṣe ti sínkì: ìgò ìdọ̀tí kẹ́míkà tirẹ̀ ni kó wà.

Nígbà ìsinmi tàbí ìyanṣẹ́lódì, ẹ gún bakitéríà sínú agar rírọ̀ nínú ìgò kékeré tí ẹ dé pa, á wà láàyè fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí fíríìjì. Ẹ tún tọ́jú plasmid gbígbẹ sínú túùbù mìíràn. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti oògùn ààbò rẹ̀ sára ìgò fúnra rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sórí ìdérí tó lè ṣí bọ́ sára òmíràn.

Bí ìlà 0 sí 2 mM bá ti jáde lẹ́ẹ̀mẹta tó sì bára mu, ó kan àyípadà. Ẹ mú lẹ́tà kan péré láàárín aptamer àti Shine-Dalgarno, kí ẹ yí i padà nínú RNAfold, kí ẹ kọ ohun tí ẹ retí sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, bóyá nọ́ńbà 0 á lọ sókè àbí sísàlẹ̀, kí ẹ tó gbé túùbù kankan sínú ẹ̀rọ tó ń mì.